Ìwé Ìbí àti Ìwé Ikú: Ọwọ́ Ta Ni Iṣẹ́ Náà Wà, Kí Ló sì Kan Ará Ayépé?

Ọmọ tuntun dé nínú ilé kan ní Ayépé. Ọjọ́ keje pé, wọ́n ké sí àwọn àlùfáà, wọ́n pa ẹran àkíkà, wọ́n sì fún ọmọ lórúkọ. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé wọ́n bímọ, àmọ́ kò sí ìwé ìjọba kankan tí orúkọ ọmọ náà wà nínú rẹ̀. Ní ilé kejì, bàbá àgbà kan jáde láyé lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì ti sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe là á kalẹ̀. Bàbá ti wọ káà ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba, ó ṣì wà láàyè.

Ìbéèrè tó máa ń jẹ yọ ni pé: níbo gan-an la ti ń forúkọ ọmọ tuntun àti ti òkú sílẹ̀? Ṣé ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú, tí Ayépé wà lábẹ́ rẹ̀ ni, àbí ní ọ́fíìsì àwọn elétò ìkànìyàn? Àwọn kan ní ìwé tí káńsù fún wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n mú un lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ gba páásípọ́ọ̀tù, wọ́n ní kí wọ́n lọ mú òmíràn wá. Àwọn mìíràn kò ní ìkankan rárá. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé bí iṣẹ́ yìí ṣe kúrò lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ohun tí ìwé òfin sọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ òkèèrè, àti ohun tí olúkúlùkù wa ní láti ṣe.

Ìdáhùn ní ṣókí

Lónìí, Àjọ Elétò Ìkànìyàn ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí NPC, ni òfin fún láṣẹ láti máa kọ ìbí àti ikú sílẹ̀, kí ó sì máa fúnni ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Àjọ ìjọba àpapọ̀ ni. Àmọ́ ó ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà, títí kan àwọn 20 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìdí nìyí tó fi máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Ọ́fíìsì lè wà nínú ọgbà káńsù tàbí nítòsí rẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó jókòó síbẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ káńsù, ìwé tó ń kọ kì í sì í ṣe ìwé káńsù.

Bí iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀

Kí ìwé tó dé, àwọn baba wa ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ orí. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n á ní wọ́n bí ẹnì kan nígbà ogun Ìmagbọn, ìyẹn ọdún 1892 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ogun ja Ìjẹ̀bú. Wọ́n á ní wọ́n bí òmíràn nígbà àrùn lùkúlùkú, ìyẹn ọdún 1918. Ọmọ tí wọ́n bí sójú ọ̀nà ń jẹ́ Abíọ́nà, èyí tí wọ́n bí lásìkò ọdún ń jẹ́ Abíọ́dún. Ẹgbẹ́ régberégbé náà, tí wọ́n fi ń kó àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra jọ, kò lè dúró bí èèyàn kò bá mọ àsìkò tí wọ́n bí òun. Nítorí náà, kíkọ ọjọ́ ìbí sọ́kàn kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé kí ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé, kí ìwé náà sì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí níwájú ẹnikẹ́ni.

Èkó ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, nígbà tó sì di 1863, wọ́n ṣe òfin tó ní kí wọ́n máa kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n da Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914, òfin ọdún 1917 lórí ìbí, ikú àti ìsìnkú gbé iṣẹ́ náà kọjá Èkó. Ṣùgbọ́n ìlú ńláńlá ló jàǹfààní rẹ̀ jù. Ìgbèríko kò fi bẹ́ẹ̀ rí akọ̀wé kankan kó wá bá wọn.

Bí àwọn káńsù ṣe ń gbilẹ̀, ọwọ́ wọn ni ìwé náà bọ́ sí ní ọ̀pọ̀ ibi. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ológun tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ tò jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ní 1979, òfin ológun No. 39 sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú di dandan ní gbogbo Nàìjíríà. Síbẹ̀, káńsù kan lè máa kọ tirẹ̀ dáadáa kí èkejì má ní ìwé tí yóò kọ ọ́ sí. Bí ìwé tí káńsù yìí ń fúnni ṣe rí kọ́ ni ti káńsù kejì ṣe rí, kò sì sí ibi kan ṣoṣo tí gbogbo rẹ̀ pàdé sí.

Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi gbé òfin No. 69 jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1992. Òfin yìí ló fi iṣẹ́ náà lé NPC lọ́wọ́ pátápátá. Òun náà ló ṣì wà nílẹ̀ títí di òní, gẹ́gẹ́ bí òfin orílẹ̀-èdè. Ọdún 1992 yìí ló fi jẹ́ ààlà nínú ọ̀rọ̀ ìwé ọjọ́ ìbí. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn òfin náà, ìwé ẹ̀rí ìbí gan-an ni NPC ń fún wọn. Àwọn tí wọ́n bí ṣáájú rẹ̀, ìwé tó ń jẹ́rìí sí ọjọ́ ìbí wọn ni wọ́n ń gbà.

Ohun tí ìwé òfin sọ, àti ibi tí ìdàrúdàpọ̀ ti wá

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, yóò rí ọ̀rọ̀ méjì tó dà bíi pé wọ́n ń ta ko ara wọn.

Ní ọwọ́ kan, nínú àtòjọ àwọn nǹkan tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí, nọ́ńbà 8 sọ̀rọ̀ nípa ìkànìyàn, ó sì fi ètò tí a ó fi máa kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà kún un. Ibi tí wọ́n ti ka iṣẹ́ NPC sílẹ̀ náà tún sọ ohun kan náà.

Ní ọwọ́ kejì, Ṣẹ́dúùlù Kẹrin, tó ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, fi ìforúkọsílẹ̀ gbogbo ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sí ara iṣẹ́ káńsù. Ìwé òfin ọdún 1979 náà ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí la ó wá ṣe sí i? Bí ó ṣe yé wa, òfin fún ìjọba àpapọ̀ láṣẹ láti gbé ètò náà kalẹ̀ kí ó sì máa bójú tó o, kí gbogbo orílẹ̀-èdè lè ní ìwé kan ṣoṣo. Ó sì rí ìjọba ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí iṣẹ́ náà ti ń wáyé. Bí àwọn méjèèjì bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kò sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn káńsù kan kò jáwọ́ nínú títẹ ìwé ẹ̀rí tiwọn, NPC sì ń kìlọ̀ pé ìwé tòun nìkan ni òfin mọ̀. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú, nítorí ìwé tí èèyàn bá wá gbà ní káńsù, yóò san nǹkan sí àpò káńsù. Ẹni tó ń jìyà rẹ̀ ni òbí tó gba ìwé lọ́dọ̀ káńsù, tó rò pé òun ti parí, àfi ìgbà tí wọ́n dá ọmọ rẹ̀ padà níbi ìdánwò tàbí níbi páásípọ́ọ̀tù.

Ní ti ìgbéyàwó, ó yẹ kí àwa Mùsùlùmí fi ìyàtọ̀ kan sọ́kàn. Ìgbéyàwó tó wà lábẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀ nínú ìwé òfin kò kan èyí tí a ṣe ní ìlànà Ìsìláàmù àti ti ìbílẹ̀. Yìgì tí a so ní mọ́sálásí ti dúró ní tirẹ̀. Síbẹ̀, ó dára kí mọ́sálásí máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì máa fún tọkọtaya ní ìwé ẹ̀rí, nítorí ìwé náà wúlò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ orúkọ òbí sínú ìwé ìbí ọmọ.

Àǹfààní àti ìpalára kíkó iṣẹ́ kúrò ní káńsù

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Ìwé NPC rí bákan náà ní Ayépé àti ní Sókótó. Ẹni tó bímọ ní Kánò tó sì padà wá sí Ìjẹ̀bú-Òde kò ní láti ṣe àlàyé púpọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú ṣí ètò tuntun tí wọ́n fi ń kọ ìbí àti ikú sórí kọ̀ǹpútà dípò bébà. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí àkọsílẹ̀ náà wà níbi kan, kí ó sì lè bá nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN ṣiṣẹ́ pọ̀, kí ẹnì kan má baà ní ọjọ́ ìbí mẹ́ta.

Ìpalára rẹ̀ sì wà. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ibo ni wọ́n ti ń bímọ? Ọ̀pọ̀ ń bímọ ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé, tí ìjọba ìbílẹ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀, àwọn mìíràn ń bímọ ní ilé tàbí lọ́dọ̀ agbẹ̀bí. Ibo ni wọ́n ń sin òkú sí? Ṣẹ́dúùlù Kẹrin kan náà fi ìdásílẹ̀ àti ìtọ́jú ibi ìsìnkú sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, àwọn tó sún mọ́ ìbí àti ikú jù kọ́ ni ìwé wà lọ́wọ́ wọn. Olùtọ́jú ibùdó ìlera mọ̀ pé wọ́n bímọ, ẹni tó gbẹ́ sàréè mọ̀ pé ẹnì kan kú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pọn dandan fún láti sọ fún akọ̀wé NPC lọ́jọ́ náà. Ẹbí ló ku tí yóò dìde lọ. Bí ẹbí kò bá lọ, ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà àti àjọ UNICEF ṣe ní 2021 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 57 péré ni wọ́n ti forúkọ ìbí wọn sílẹ̀. Ti ikú tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òkú kò lọ sí iléèwé, kò sì wá páásípọ́ọ̀tù tí yóò mú kí ẹbí rẹ̀ sáré. Ìkànìyàn tí a ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ọdún 2006 ni. Ní orílẹ̀-èdè tí ìkànìyàn rẹ̀ ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìwé ìbí àti ikú ni ì bá máa sọ iye ọmọ tó yẹ kí iléèwé àti abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ní Odògbolú. Bí ìwé náà kò bá pé, àbá lásán ni wọn yóò máa fi pín nǹkan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ òkèèrè

Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa tọ́jú ìwé yìí kì í ṣe tiwa nìkan.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni àkọsílẹ̀ náà wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Keje ọdún 1837, ìjọba bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ó sì gbé e gba ọ̀dọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìtọ́jú àwọn aláìní. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti ọdún 1929 tú àwọn ìgbìmọ̀ náà ká, ó sì kó ìforúkọsílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn kántì àti àwọn ìlú ńláńlá. Títí di òní, káńsù ló ń gba àwọn akọ̀wé náà síṣẹ́, ṣùgbọ́n àpapọ̀ àkọsílẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọ́fíìsì ìjọba kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé ọjọ́ 42 ni òfin fún wọn láti forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ ní káńsù ibi tí wọ́n bí i sí. Nítorí àwọn Mùsùlùmí àti àwọn Júù tí wọ́n ń tètè sìnkú, àwọn káńsù kan níbẹ̀ ní akọ̀wé tí ń dáhùn ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ẹbí lè rí ìwé gbà kí wọ́n sì sìnkú lásìkò.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni òfin tirẹ̀. Ní Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá wà ní agbègbè Houston, ìlú kan lè ní akọ̀wé ìbí àti ikú tirẹ̀, òfin sì gba irú ìlú bẹ́ẹ̀ láàyè láti bá kántì ṣe àdéhùn kí akọ̀wé kántì gba iṣẹ́ náà. Ìlú kékeré lè rí i pé owó tí òun ń ná lórí ọ́fíìsì náà pọ̀ ju iye èèyàn tó ń wá síbẹ̀ lọ, kí ó sì fi lé kántì lọ́wọ́. Àmọ́ ìpínlẹ̀ ló ṣì ń kó gbogbo rẹ̀ jọ.

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ará wa tó wà ní Kétu àti Pọ́tónófò, ilé ìjọba ìlú ni wọ́n ti ń kọ ìbí sílẹ̀ láti ìgbà àwọn Faransé. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, àjọ ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè wọn, tí wọ́n ń pè ní ANIP, bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní ìwé ìbí tí èèyàn lè béèrè fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀kọ́ kan ló wà nínú gbogbo èyí: kí àkójọ ìwé jẹ́ ọ̀kan, kí ọwọ́ tí ń kọ ọ́ sì wà nítòsí àwọn èèyàn.

Ìbí: ohun tí òbí ní láti ṣe

Òfin fún òbí ní 60 ọjọ́ láti forúkọ ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá bí i. Kí ọmọ tó pé ọdún 18, ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ NPC. Ẹni tó bá sọ pé àfi kí ẹ san owó nítorí ọmọ tuntun, ẹ ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín.

Bàbá tàbí ìyá ló yẹ kó lọ. Bí wọn kò bá sí nítòsí, mọ̀lẹ́bí, ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí ọmọ, tàbí ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè lọ. Ẹ mú ìwé tí ilé ìwòsàn tàbí agbẹ̀bí kọ, káàdì àjẹsára ọmọ, àti ohun ìdánimọ̀ òbí dání. Bó bá jẹ́ ilé ni wọ́n ti bí i, ẹ mú ẹni tó gbẹ̀bí tàbí ẹlẹ́rìí kan lọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Ọmọ wa máa ń ní orúkọ púpọ̀: orúkọ tí àlùfáà sọ, orúkọ tí bàbá àgbà fún un, oríkì. Ẹ jókòó nílé kí ẹ yan èyí tí yóò wà nínú ìwé, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí bébà kí ẹ tó jáde. Ẹni tó ń jẹ́ Abdul-Rahman ní ìwé ìbí, tó di Abdulrahmon ní iléèwé, tó wá di Raman nínú NIN, yóò ná owó àti àkókò lọ́jọ́ iwájú láti fi hàn pé ẹnì kan ṣoṣo ni òun. Kí ẹ sì ka ohun tí akọ̀wé kọ kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.

Ní ti àwọn àgbà tí kò ní ìwé rárá, ìwé ìbúra kọ́ọ̀tù nìkan kò tó mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìwé ìjẹ́rìí ọjọ́ ìbí ti NPC ni wọ́n ń béèrè fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìwé káńsù àtijọ́, ẹ má dà á nù. Ó lè máà tó láti gba páásípọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n ẹ̀rí gidi ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ìwé tuntun, nítorí ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀.

Ikú: èyí tí a ń fojú fò jù

Sísin òkú kíákíá jẹ́ súnà, a kò sì gbọ́dọ̀ fi í falẹ̀ nítorí ìwé. Ṣùgbọ́n sísìnkú kíákíá kò ní ká má kọ ikú náà sílẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí a bá ti sìnkú tán, tí fídáù parí, ọ̀rọ̀ náà ti tán lójú ẹbí. Ó di bí oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó lọ sí báǹkì.

Ìwé méjì ló wà tí àwọn èèyàn máa ń kà sí ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni ìwé tí dókítà kọ, tó sọ ohun tó pa olóògbé. Èkejì ni ìwé ẹ̀rí ikú tí NPC ń fúnni lẹ́yìn tí wọ́n bá forúkọ ikú náà sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń gba ti èkejì. Bí ó bá jẹ́ ilé ni ẹni náà kú sí, kí mọ̀lẹ́bí tó wà níbẹ̀ lọ ṣàlàyé fún akọ̀wé pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì lọ kíákíá nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì tutù lọ́kàn wọn.

Kí ni a ó fi ìwé náà ṣe? Báǹkì kò ní fọwọ́ kan owó olóògbé láìsí i. Àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yóò béèrè fún un. Kọ́ọ̀tù yóò béèrè fún un kí ó tó fún ẹbí ní ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun ìní olóògbé. Opó tó ń tọ́jú ọmọ mẹ́rin lè wà láìní owó ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ fún ọdún kan gbáko nítorí bébà kan.

Ẹ̀sìn wa gan-an nílò ọjọ́ náà. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó ń ka gẹ́gẹ́ bí idà, láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú. Ọ̀rọ̀ ogún sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó wà láàyè nígbà tí olóògbé kú ló ń jogún. Bí bàbá àti ọmọ bá kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó kọ́kọ́ kú ló máa sọ bí ìpín yóò ṣe rí. Bí bàbá ló ṣáájú, ọmọ ti jogún, ìpín rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀. Bí ọmọ ló ṣáájú, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tí ọdún márùn-ún bá kọjá, tí kálukú bá ń ka ọjọ́ bí ó ṣe wù ú, ìjà àwọn ọmọ bàbá kan náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́hun pa á láṣẹ nínú Suratul Baqarah, ẹsẹ 282, tó gùn jù nínú Alukuráánì, pé kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀ kí a sì wá ẹlẹ́rìí. Bí gbèsè bá tó ohun tí a ń kọ, ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ òrukàn bẹ̀rẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ dá iṣẹ́ náà padà fún ìjọba ìbílẹ̀ ńkọ́?

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé bí owó bá dé, kí iṣẹ́ náà tẹ̀ lé e. Ó yẹ kí a mọ̀ pé kí wọ́n tó lè mú iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ pátápátá, àfi kí wọ́n tún ìwé òfin ṣe. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì ní Àbújá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì gbà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí NPC fi òṣìṣẹ́ ìbílẹ̀ àti ti ibùdó ìlera kún àwọn akọ̀wé rẹ̀, ìyẹn kò nílò àtúnṣe ìwé òfin.

Ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ náà já sí, ìbéèrè márùn-ún ló yẹ kí ará ìlú máa bi káńsílọ̀ àti aṣòfin wọn:

1. Ta ni yóò máa tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́, ṣé òjò àti ikán kò sì ní jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kó o?

2. Ìwé tí wọ́n ti fúnni tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé yóò ṣì máa ṣiṣẹ́, àbí àwọn èèyàn yóò tún sanwó òmíràn?

3. Báwo ni ọ̀nà ṣe jìn tó sí abúlé tó gbẹ̀yìn, kì í ṣe sí ìlú tí ọ́fíìsì wà nìkan?

4. Ṣé ohun tí wọ́n kọ níbí yóò máa dé àkójọ ti orílẹ̀-èdè lọ́jọ́ kan náà?

5. Eélòó ni, ta sì ni owó náà ń lọ bá?

Bí wọn kò bá lè dáhùn márààrún, àyípadà náà kò tíì tó àsìkò.

Ohun tí mọ́sálásí lè ṣe láti òní lọ

A kò ní láti dúró de Àbújá. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ọjọ́ tí gbogbo ẹbí pé jọ. Kí àlùfáà tó ṣe àdúà ìparí, kí ó béèrè lọ́wọ́ bàbá ọmọ pé ọjọ́ wo ni wọn yóò lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀. Kí mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan ní ìwé ńlá kan tí akọ̀wé rẹ̀ yóò máa kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́, àti orúkọ òbí sí. Kí ó ní òmíràn fún janásà: orúkọ olóògbé, ọjọ́ àti wákàtí ikú, ibi tí wọ́n sin ín sí, orúkọ ẹlẹ́rìí méjì. Ìwé mọ́sálásí kò lè rọ́pò ti ìjọba, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó lágbára ni níwájú akọ̀wé NPC, pàápàá fún ẹni tó bí sílé tàbí tó kú sílé.

Kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù náà yan ọjọ́ kan nínú oṣù tí wọn yóò kó àwọn ìyá ọlọ́mọ jọ, kí wọ́n jọ wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì, tàbí kí wọ́n kọ̀wé sí NPC kí akọ̀wé wá bá wọn nílùú. Bí èèyàn ogún bá ń dúró de akọ̀wé, ó rọrùn fún un láti wá ju kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa lọ bá a.

Ọmọ ní ẹ̀tọ́ lára òbí rẹ̀, orúkọ rere sì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orúkọ náà wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní lè jiyàn rẹ̀. Kí Ọlọ́hun wo àwọn ọmọ wa, kí Ó sì foríjin àwọn òkú wa.